Bọ́tìnnì Ni Ọmọ Fi Ń Kọ́ Bọ́tìnnì

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún òbí àti olùkọ́ lórí iṣẹ́ occupational therapy àti bí ọmọdé ṣe ń mọ ọwọ́ àtẹsẹ̀ lò

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ occupational therapy fún ọmọdé, ìyẹn iṣẹ́ ríran ọmọ lọ́wọ́ kó lè máa ṣe nǹkan ojoojúmọ́ bíi wíwọṣọ àti kíkọ̀wé fúnra rẹ̀, ni pé: eré ìdárayá wo ni kí n máa fún ọmọ mi ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ lè lágbára? Ìdáhùn mi kì í tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn, torí ìbéèrè lèmi náà fi ń dáhùn: kí lẹ fẹ́ kí ọmọ náà fi ọwọ́ ọ̀hún ṣe? Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ló ń dà á láàmú, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì la máa fi kọ́ ọ. Ọmọ tó bá fi ọdún kan gbáko fún bọ́ọ̀lù rọ́bà mọ́wọ́ á mọ bọ́ọ̀lù í fún dáadáa. Bọ́tìnnì á ṣì wà níbi tó wà.

Iṣẹ́ kan pàtó ni ọpọlọ máa ń kọ́: ibi tí ìka máa gbà, ìgbà tó yẹ kó tẹ nǹkan àti ìgbà tó yẹ kó dẹ̀ ẹ́, bí ojú ṣe ń ṣáájú ọwọ́ lọ. Iona Novak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà gbé ìwádìí tó wà nílẹ̀ lórí ìtọ́jú àwọn ọmọ tó ní cerebral palsy (ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí ara rẹ̀ bó ṣe fẹ́) yẹ̀ wò ní 2013, wọ́n sì tún un gbé yẹ̀ wò ní 2020. Lára ohun tó yege níbẹ̀ ni kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe, kó máa tún un ṣe léraléra. Kí oníṣẹ́ ìtọ́jú máa gbé apá àti ẹsẹ̀ ọmọ sókè sódò, kí ọmọ kàn máa wòran, kò sí lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bọ́tìnnì yẹn fínnífínní. Ọwọ́ kan á di etí aṣọ mú, á ṣí ojú ihò sílẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ kejì á kọ etí bọ́tìnnì sí ojú ihò náà, wọ́n á tì í wọlé díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí àgbàlagbà kì í fiyè sí máa ń ṣẹlẹ̀: ọwọ́ tó di aṣọ mú á fi í sílẹ̀ láti wá gba orí bọ́tìnnì tó ń yọ jáde, èyí tó ń tì í á sì di aṣọ mú dípò. Ibi pàṣípààrọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń há. Ìyá á rò pé ìka ọmọ òun ò lágbára, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìka ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ méjèèjì ni ò tíì mọ ìgbà tí wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Tá a bá ti rí ibi tó ti há, ó kù díẹ̀. Aṣọ tó ní bọ́tìnnì ńlá la máa kọ́kọ́ tẹ́ sórí tábìlì, torí bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹni kò ṣeé rí. Àwa la máa tì í dé ìdajì, ọmọ á fà á yọ. Bó bá ti mọ ìyẹn, òun ló máa tì í, òun náà ló máa fà á. Ìparí la fi ń bẹ̀rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ọmọ ló ń parí iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, torí adùn àṣeparí yẹn ló ń mú kó fẹ́ tún un ṣe. Ẹ̀yìn náà ni aṣọ á kúrò lórí tábìlì wá sí ọrùn rẹ̀.

Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ti ń lọ sílé ìwé, tí orí wọn pé, àmọ́ tí nǹkan ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń kọsẹ̀ ṣáá, tí ìwé tí wọ́n bá kọ ò ṣeé kà. Àwọn èèyàn á ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, nǹkan bí 5 sí 6 ló ní ìṣòro yìí. Developmental coordination disorder ni àwọn dókítà ń pè é. Helene Polatajko àti Angela Mandich ní Kánádà gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ fún irú wọn, CO-OP lorúkọ rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ọmọ ló ń ronú. Kí lo fẹ́ ṣe? Báwo lo ṣe máa ṣe é? Ó yá, ṣe é. Wò ó, ṣé ó rí bí o ṣe fẹ́? Ó lè lọ báyìí:

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ kí orúkọ mi má kọjá ìlà, Àǹtí."

"Kí ló ń mú un kọjá?"

"Ìwé yẹn ń sá."

"Báwo la ṣe máa ṣe é kó má sá mọ́?"

Á ronú. "Kí n fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́?"

Mo ti mọ èsì yẹn látìbẹ̀rẹ̀ o, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Èyí tó bá ti ẹnu ọmọ jáde ló máa rántí nígbà tí mi ò bá sí níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin olùkọ́ ń dúró de ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù. Ẹ rọra. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ a máa fi gbogbo ẹ̀ṣẹ́ dì í mú. Láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, ọ̀pọ̀ á ti máa fi ìka mẹ́ta dì í, àwọn mìíràn á fi mẹ́rin. Tí ìwé rẹ̀ bá ṣeé kà, tí ọwọ́ ò sì dùn ún, ẹ fi í sílẹ̀. Àga àti tábìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ ń fi agbára tó yẹ kó fi kọ̀wé wá bí kò ṣe ní ṣubú.

Ìyá kan béèrè pé ọmọ òun ò rákòrò rárá, ó kàn dìde ló ń rìn ni, ṣé kò ní ṣàkóbá fún un? Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá. Nínú ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006, tí wọ́n fi àwọn ọmọ Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Oman àti Amẹ́ríkà ṣe, nǹkan bí 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò fi ọwọ́ àti orúnkún rá rárá. Àwọn kan ń dá rìn láti bí oṣù 8, àwọn kan ò rìn àfìgbà tó lé ní oṣù 17, kò sì sóhun tó ṣe wọ́n. Èyí tó yẹ kó gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà nìyí: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tó jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń lò, tó di ìkejì ní ẹ̀ṣẹ́, ọmọ tó pé oṣù 18 tí kò rìn, àti ọmọ tó ti mọ nǹkan ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò wá lè ṣe é mọ́. Ti ọwọ́ kan yẹn, inú àwọn èèyàn máa ń dùn sí i, wọ́n á ní ọmọ ti mú ọwọ́ tó fẹ́. Ó ti yá jù.

Bàbá kan ní àárọ̀ lòun máa ń ní kí ọmọ wọṣọ fúnra rẹ̀, ẹkún ló sì ń já sí. Àárọ̀ kọ́ o, bàbá, nígbà tí ẹ ti ń wo aago. Ìrọ̀lẹ́ ni, tó bá ń bọ́ṣọ láti wẹ̀, torí bíbọ́ rọrùn ju wíwọ̀ lọ. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ẹ fà á kọjá gìgísẹ̀, kó fa èyí tó kù. Bó bá ti ń bínú, ẹ bá a fà á síwájú díẹ̀ sí i títí dé orí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kó fà á yọ, ó di ọ̀la.