Yíyí adágún Saint-Point ká, àti yàrá tí Toussaint Louverture kú sí

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé wa Satidé tó kọjá nìyí, àwọn tí kò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn, mo wá jókòó kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, ẹ má wo ti gírámà.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ mo bi àwọn tó wà níjòókòó pé ta ló ti dé Faransé rí, ọwọ́ pọ̀ lókè. Mo ní ó dáa, ibo lẹ dé? Paris, Paris, Disneyland, Paris, ìyá kan ní Lourdes. Ẹ ò rí i báyìí? A ó sáré kiri torí físà, a ó wọ réluwéè abẹ́ òkun, a ó lọ dúró síwájú irin gogoro yẹn ya fọ́tò, ó parí nìyẹn. Kò burú, tèmi náà wà nínú fóònù mi. Àmọ́ ibi tí ìtàn tó kan èèyàn dúdú fara pamọ́ sí jù nílẹ̀ Faransé, lójú tèmi o, abúlé orí òkè ni, níbi tí agogo ọrùn màlúù ti ń jí èèyàn láàárọ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ Switzerland tán.

Haut-Doubs ni wọ́n ń pe agbègbè yẹn, Pontarlier ni ìlú ibẹ̀. Réluwéè tó ń ti Paris lọ Lausanne máa ń dúró ní Frasne, ibẹ̀ lẹ ó ti sọ̀kalẹ̀, ó ku díẹ̀ nìyẹn. Èmi dé lọ́jọ́ Sunday, mi ò mọ̀ pé bọ́ọ̀sì abúlé lọ́jọ́ Sunday dà bí òjò inú ọ̀gbẹlẹ̀, mo dúró dúró, ọkùnrin kan tó kó koríko sẹ́yìn ọkọ̀ ẹ̀ ló padà gbé mi.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi omi bẹ̀rẹ̀. Adágún Saint-Point wà ní nǹkan bíi 850 mítà sókè ju òkun lọ, ó gùn tó kílómítà 7, àmọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló rí, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju nǹkan bíi kílómítà kan lọ, tẹ́ ẹ bá wà létí kan ẹ ó máa rí ilé etí kejì kedere. Ọlọ́run ló dá a síbẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi kọnkéré dè. Láyé ọjọ́un yìnyín ló bo gbogbo òkè Jura, yìnyín yẹn ló ń wọ́ bọ̀ tó gbẹ́ kòtò, nígbà tó yọ́ tán ó fi òkúta àti yanrìn dí ẹnu àfonífojì, omi ò rọ́nà lọ mọ́, ó dúró. Odò Doubs ló ń gba àárín ẹ̀ kọjá, ó ń jáde níbi abúlé Oye-et-Pallet. Ẹ fi odò yẹn sọ́kàn o.

Yíyí i po lé ní 20 kílómítà, ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ le á ṣe é lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ méjì lèmi lò, bàtà ló fà á. Mo ra kánfáàsì tuntun torí fọ́tò, funfun báláú, kí n tó rìn kílómítà márùn-ún gìgísẹ̀ mi ti bó. Obìnrin tí mo dé sílé ẹ̀ wo ẹsẹ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò bá mi wí, kò bá mi kẹ́dùn, ó kàn wọlé ó gbé bàtà òjò ọkọ ẹ̀ jáde, ó kì í ní ìbọ̀sẹ̀ onírun méjì ó sì tì í síwájú mi. Bàtà yẹn ni mo fi rin ìyókù, ó ń dún pọ́kọ́pọ́kọ́ lẹ́sẹ̀ mi bíi pátákó.

Apá ìlà oòrùn ni Malbuisson wà, ibẹ̀ ni hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ pọ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ẹ ó kan orísun kan tí wọ́n ń pè ní Source Bleue, omi ẹ̀ búlúù bí aró tí wọ́n ti bu omi là, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ mo sì fà á jáde kíá, ó tutù bíi ti inú fìríìsà. Apá ìwọ̀ oòrùn lèmi fẹ́ràn jù, ní Les Grangettes síbẹ̀ yẹn, igbó ló wà lókè, pápá nísàlẹ̀, màlúù pupa aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní Montbéliarde ń jẹ̀ létí omi, kò sí ariwo ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lápá gúúsù adágún kékeré míì wà, Remoray, wọ́n ti fi òfin dáàbò bo ẹyẹ àti igbó ibẹ̀ láti 1980, ẹ rọra rìn níbẹ̀.

Wọ́n ní ìtàn kan nípa omi yìí. Wọ́n ní ìlú kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Damvauthier, obìnrin kan gbé ọmọ pọ̀n wá lóru òtútù, ó ń kan ilẹ̀kùn kiri kí wọ́n jẹ́ kóun sùn mọ́jú, ẹnikẹ́ni ò ṣí fún un àfi ẹnì kan péré. Ilẹ̀ mọ́, omi ti bo ìlú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ àlọ́ nílé ìyá àgbà, kò sí ohun tuntun níbẹ̀ fún yín. Ohun tó gbá mi láyà ni pé agbègbè tó ń fi àlọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ni wọ́n gbé Toussaint Louverture, ọ̀gágun àwọn ẹrú Haiti, wá tì mọ́lé.

Torí pé láti Oye-et-Pallet, tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀lé odò Doubs bó ṣe ń ṣàn lọ, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ ó fi gbójú sókè rí i, Château de Joux. Òkè méjì ló dojú kọra níbẹ̀, ọ̀nà tóóró wà láàárín, ibẹ̀ lọ́nà ọjà láti Italy gbà wọ Faransé nígbà àtijọ́, ẹni tó bá jókòó sórí òkè yẹn ló ń gba owó ibodè. Láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n ti ń kọ́lé olódi síbẹ̀, tọ̀tún tòsì ni wọ́n ń fi kún un, odi márùn-ún ló yí ara wọn ká báyìí. Vauban, ọ̀gá àwọn tó ń kọ́ odi fún Ọba Louis Kẹrìnlá, tún un ṣe. Nígbà tó yá wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n. Mirabeau, tó padà di gbajúmọ̀ olóṣèlú Faransé, ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀ ní 1775, àmọ́ ọmọ olówó ni Mirabeau, ẹ̀wọ̀n tiẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn débi pé ó ń jáde lọ Pontarlier lọ gbé ìyàwó oníyàwó.

Ti Toussaint ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Saint-Domingue, tó di Haiti lónìí, níbi tí ṣúgà àti kọfí ti ń sọ àwọn Faransé dolówó. Àwọn ẹrú dìde lọ́dún 1791, Faransé fòpin sí oko ẹrú ní àwọn erékùṣù wọn ní 1794, Toussaint di ọ̀gágun wọn, ó di gómìnà, ó tún kọ òfin ìpìlẹ̀ fún erékùṣù náà ní 1801. Napoleon, tó ń ṣàkóso Faransé nígbà yẹn, ò lè gbà bẹ́ẹ̀. Ó kó ọmọ ogun ránṣẹ́, àna ẹ̀ Leclerc ló kó wọn wá. Ọjọ́ keje oṣù kẹfà 1802, wọ́n pe Toussaint wá sọ̀rọ̀, ó lọ, wọ́n dè é. Ẹ̀tàn gidi. Ọ̀rọ̀ tó sọ nínú ọkọ̀ ojú omi ni pé bí wọ́n ṣe bi òun ṣubú yìí, ìtì igi òmìnira àwọn dúdú nìkan ni wọ́n gé, yóò tún hù láti gbòǹgbò torí gbòǹgbò ẹ̀ jìn, ó sì pọ̀.

Ìparí oṣù kẹjọ 1802 ni wọ́n gbé e dé Joux. Wọ́n kó ìyàwó ẹ̀ Suzanne àtàwọn ọmọ lọ síbòmíì, kò rí wọn mọ́. Ìránṣẹ́ kan ṣoṣo tó bá a wá, Mars Plaisir, wọ́n mú un kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Napoleon rán Caffarelli, ọ̀gágun ẹ̀ kan, wá bi í pé níbo ló ri owó mọ́, ó ní òun ò ri owó kankan mọ́bì kankan. Ó kọ̀wé sí Napoleon pé kí wọ́n gbé òun lọ sílé ẹjọ́, kò sí èsì, wọ́n gba gègé àti ìwé lọ́wọ́ ẹ̀.

Èmi dé inú yàrá yẹn nínú oṣù kẹjọ, oòrùn ń ràn níta, ọmọdé ń lá áísìkiriímù níwájú géètì. Mo wọ sẹ́wẹ́tà. A gba ọ̀nà tóóró wọlé, òrùlé ẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bíi ti abẹ́ bíríìjì, fèrèsé ni wọ́n mọ bíríkì dí tó ku ìwọ̀nba lókè tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹni tó ń mú wa kiri ní ká fọwọ́ kan ògiri. Mo fọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi tutù, mo wò ó, omi ló wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ń dá iná sí wà lára ògiri kan, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n bá a lórí ìjókòó ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin 1803, ó ti kú. Ẹni tí wọ́n bí síbi oòrùn, tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, oṣù méje àti díẹ̀ ló lò níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ lè mọ irú òtútù tí mò ń sọ, Mouthe tí odò Doubs ti ń sun kò jìnnà sí adágún, ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1968 òtútù ibẹ̀ wọlẹ̀ dé 36.7 lábẹ́ òdo. Adágún gan-an máa ń dì tí wọ́n á máa rìn lórí ẹ̀. Ẹ wá gbọ́, nígbà òtútù wọ́n máa ń ti Château de Joux pa fáwọn àlejò. Ìgbà tí ojú ọjọ́ bá ti dáa ni wọ́n ń jẹ́ ká wọ ibẹ̀. Yàrá tí gbogbo wa ń wò nígbà oòrùn kọ́ ni yàrá tí Toussaint gbé nígbà òtútù.

Wọ́n sin ín sínú ilé ìsìn tó wà nínú odi náà, nígbà tó yá wọ́n tún ibẹ̀ kọ́, eegun ẹ̀ sọnù. Lọ́dún 1998 wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sára ògiri Panthéon ní Paris, ibi tí wọ́n ti ń bu ọlá fáwọn ẹni ńlá Faransé. Haiti ti gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1804, kò tiẹ̀ tó oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ikú ẹ̀.

Bàbá kan dìde níbi tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí dé, wọ́n ní ṣé ọmọ Yorùbá ni. Rárá o, sà. Ìtàn ìdílé ẹ̀ sọ pé bàbá ẹ̀ wá láti Allada, nílẹ̀ Benin, àwọn Aja ló ni ibẹ̀, wọ́n ti gbé ère Toussaint kalẹ̀ níbẹ̀. Ká má máa já gbogbo èèyàn gbà. Àmọ́ àwọn tiwa wà ní erékùṣù yẹn, Nago ni wọ́n ń pè wọ́n, títí dòní nínú ẹ̀sìn àwọn ará Haiti, wọ́n ní òrìṣà kan, jagunjagun, idà ló ń mú dání, Ogou lorúkọ ẹ̀. Gbogbo ilé pariwo. Bàbá jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Wàràkàṣì! Comté, ọ̀kan ẹ̀ wúwo tó 40 kílò, wàrà bíi 400 lítà ló ń gbà. Mont d'Or ní tiẹ̀ rọ̀, èèpo igi ni wọ́n fi ń wé e, ṣíbí ni wọ́n fi ń bù ú. Ọtí ibẹ̀ ni absinthe. Ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ 1901 àrá sán lu ilé iṣẹ́ Pernod ní Pontarlier, iná sọ, wọ́n bá ṣí ọtí dà sínú Doubs kó má baà bú gbàmù. Lẹ́yìn náà, orísun odò Loue, tó wà ní kílómítà púpọ̀ síbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ọtí. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé omi Doubs ń gba abẹ́ òkúta lọ síbẹ̀. Ọ̀mùtí ló tú àṣírí odò, ẹnì kan kígbe báyẹn látẹ̀yìn.

Tí ẹ bá ní mọ́tò, ẹ gba ọ̀nà àríwá lọ Champagney. Abúlé ni. Lọ́dún 1789 Ọba Faransé ní kí gbogbo abúlé kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn ránṣẹ́, nígbà tó di ọjọ́ 19 oṣù kẹta àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kọ ti owó orí, wọ́n kọ ti iyọ̀, nígbà tó dé nọ́ńbà 29 wọ́n kọ ọ́ pé ìyà táwọn dúdú ń jẹ lókè òkun ń gún àwọn lọ́kàn, kí Ọba fòpin sí i. Ọdún márùn-ún ṣáájú òfin 1794 nìyẹn o. Músíọ́mù kékeré kan wà níbẹ̀ báyìí, Maison de la Négritude, adágún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú tẹ́ ẹ lè rìn yí ká, èyí ni wọ́n fi odi dè, kò dà bíi ti Saint-Point, mi ò ní parọ́.

Wọ́n ní dúdú kan ṣoṣo táwọn àgbẹ̀ yẹn mọ̀ ni ọba tó wà nínú àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó wá kí Jésù ọmọ ọwọ́. Mo dúró síwájú àwòrán yẹn nínú bàtà òjò tí mi ò tíì dá padà, mò ń wo ojú ọba yẹn, títí ẹni tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn fi wá wúkọ́ lẹ́yìn mi.