Ẹ yọ ọ́ kúrò ká wò ó: bí a ṣe ń mọ RNA tó ń ṣàkóso jíìnì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìjà wà. Nínú DNA ènìyàn, apá tó ní ìlànà purotéènì nínú kò tó ìdá 2 nínú 100. Síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ń da púpọ̀ nínú ìyókù kọ sí RNA, ẹ̀dà tí a ń kọ láti ara DNA. Lọ́dún 2012, ENCODE, ẹgbẹ́ olùwádìí tó ń wá iṣẹ́ tí DNA ènìyàn ń ṣe, kéde pé ìdá 80 nínú 100 DNA wa ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Mi ò gbà. Ohun tí ẹ̀rọ wọn bá ti rí ni wọ́n kà sí òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo ẹni tí a bá lọ́jà ló ń tajà. Ẹ yọ RNA náà kúrò. Bí nǹkan kan ò bá yí padà, ẹ má sọ iṣẹ́ di tirẹ̀.

Ẹ wo aràn C. elegans, tí kò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà 1. Victor Ambros àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wá purotéènì nínú jíìnì lin-4 títí, RNA onílẹ́tà 22 ni wọ́n bá. Gary Ruvkun ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí jíìnì mìíràn, lin-14. Nígbà tí wọ́n fi lẹ́tà jíìnì méjèèjì wéra, ojúkò 7 ní ìrù RNA lin-14, ìyẹn apá ìparí tí kò ní ìlànà purotéènì, ni lin-4 ti lè lẹ̀ mọ́ ọn. 1993 nìyẹn, ẹ̀bùn Nobel dé ní 2024. Ohun tó mú mi gbà wọ́n gbọ́ ni pé ọ̀nà méjì ni ẹ̀rí gbà wọlé. Bí lin-4 bá bàjẹ́, purotéènì LIN-14 kò ní lọ sílẹ̀, aràn á máa tún ìgbà èwe rẹ̀ ṣe, kò ní ní ojú ara tí yóò fi yé ẹyin, àwọn ọmọ á pa sí i níkùn. Bí lin-4 bá wà pérépéré ṣùgbọ́n tí a gé ìrù lin-14 kúrò, aràn á tún ṣe bákan náà.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é ní yàrá ìwádìí. Ẹ so ìrù jíìnì tí ẹ fura sí mọ́ ẹ̀yìn jíìnì tó ń mú tanátaná tàn. Bí microRNA, ìyẹn RNA kúkúrú bíi lin-4, bá ń pa á lẹ́nu mọ́, ìmọ́lẹ̀ á relẹ̀. Ẹ wá yí lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta padà níbi tí lẹ́tà 2 sí 8 microRNA náà ti ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ padà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n da microRNA àtọwọ́dá kún inú sẹ́ẹ̀lì bámúbámú. Ìyẹn á pa ohun tí kò bá pa lẹ́nu mọ́. Ti inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni kí ẹ dí lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń fa RNA jáde, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ RNA wà lára awọ wa. Ike oníàsẹ́ tí wọ́n ṣe fún RNA gígùn á da àwọn kúkúrú nù bí ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù bá kéré, ẹ́tánọ́ọ̀lù tí a kò bu omi là, tó jẹ́ ìlọ́po 1.5 omi tí RNA wà nínú rẹ̀, ló ń mú wọn dúró.

Ìyá kan nawọ́ sókè: “Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣé a lè fi microRNA inú ẹ̀jẹ̀ mọ bí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ṣe le tó lára ọmọ?”

Ẹ ṣeun, màmá. Ìbéèrè yín tó gbà mí lákòókò. Ẹ̀jẹ̀ pupa kún fún microRNA kan tó ń jẹ́ miR-451. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí a sì máa fọ́ nínú iṣan. Ẹni tó bá wọn omi ẹ̀jẹ̀ wọn, tó rí miR-451 púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ ló wọ̀n. Bí abẹ́rẹ́ bá tún tẹ ẹ̀jẹ̀ fọ́ nígbà tí wọ́n ń fà á, irú èsì kan náà ni. Ibi tí RNA ti ń ṣe ọmọ lóore ni ìtọ́jú. Jíìnì BCL11A ló ń pa hẹmogilóbìnì ìgbà oyún lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa irú àwọn ọmọ yìí. Lọ́dún 2021, àwọn dókítà ní Boston ròyìn aláìsàn 6 tí wọ́n fi RNA tí wọ́n ṣe bíi microRNA dí jíìnì yìí lọ́wọ́. Hẹmogilóbìnì oyún náà sì gòkè. Sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹ̀jẹ̀ pupa nìkan ni wọ́n jẹ́ kó ti ṣiṣẹ́, nítorí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ nílò BCL11A.

Ìṣẹ́jú méjì ló kù, mo fẹ́ fi kan Xist, RNA onílẹ́tà bíi 17,000, tó ń pa kòròmósómù X kan lẹ́nu mọ́ lára obìnrin. Fún irú RNA gígùn báyìí, ẹ má gé DNA rẹ̀ kúrò lásán, ẹ lè gé ohun mìíràn tó ń tan jíìnì tòsí mọ́ ọn. Ẹ fi àmì ìdádúró sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí DNA wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kí RNA má jáde.