Oyè Tó Ṣófo Láàárín 1905 sí 1914: Ta Ni Ì Bá Jẹ Ẹ́?

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará mi. Ní oṣù Kejìlá 1966, Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò, borí José Torres ní New York, ó sì gba oyè láìtì hẹ́fíwéètì àgbáyé, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ìpele ìwúwo nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí oyè yìí kan náà sùn fọnfọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí akànṣẹ́ kankan kò jà fún un. Ta ni ì bá jẹ ẹ́ nígbà náà?

Ní 1903 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lou Houseman, akọ̀ròyìn ní Chicago tó tún jẹ́ máníjà Jack Root, rí i pé Root ti sanra kọjá mídùwéètì (ìpele ìwúwo àárín), kò sì tó àwọn òmìrán hẹ́fíwéètì. Ó bá fi ìpele tuntun sáàárín méjèèjì. Root jẹ ẹ́, George Gardner gbà á, Bob Fitzsimmons gbà á lọ́wọ́ Gardner, gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún kan náà. Ní 20 oṣù Kejìlá 1905, ní San Francisco, Philadelphia Jack O'Brien lu Fitzsimmons, ẹni ọdún 42, títí tí kò fi lè dìde fún ráńdì (abala ìjà) kẹrìnlá.

O'Brien gbé oyè náà sápò, ó sì kọjú sí hẹ́fíwéètì níbi tí owó wà. Kò sí àjọ kankan tó lágbára láti sọ fún un pé kó jà tàbí kó gbé e sílẹ̀.

Tí a bá fẹ́ fi ojú inú yan ọba, a kò gbọdọ̀ kàn yan ẹni tó wù wá. Ìlànà tèmi ni pé ọwọ́ O'Brien ni oyè wà, nítorí náà ẹni tó bá lù ú kọjá agbára ló ni ín. Tommy Burns borí rẹ̀ ní 1907, àmọ́ oyè hẹ́fíwéètì ni wọ́n torí rẹ̀ jà. Mo fi ìyẹn sílẹ̀.

Stanley Ketchel ló kàn. Lóṣù Kẹta 1909, ní New York, ó lu O'Brien ṣubú bí ráńdì kẹwàá ṣe ń parí lọ. Aago ìparí nìkan ló gbà á là. Lóṣù Kẹfà, ní Philadelphia, aago kò gbà á mọ́: ráńdì mẹ́ta péré ni Ketchel fi parí rẹ̀. Mo fi Ketchel jọba. Ọ̀ṣẹ́ ńlá ni pé lóṣù Kẹwàá 1910, wọ́n yìnbọn pa á ní Missouri, ọmọ ọdún 24.

Ìgbà yẹn ni Sam Langford dé, ọmọ Nova Scotia ní Kánádà, aláwọ̀ dúdú tí kò ga rárá, tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sì ń ba àwọn tó tóbi jù ú lọ lẹ́rù. Ní 15 oṣù Kẹjọ 1911, ní New York, ó fòpin sí ìjà òun àti O'Brien ní ráńdì karùn-ún. Ẹni tí oyè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé gbogbo ayé rèé, Langford sì lù ú kọjá agbára. Mo fi òun náà jọba, síbẹ̀ wọn kò pè é ní ọ̀gá ìpele náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. Àwọ̀ ara rẹ̀ ló dí i lọ́nà. Jack Johnson pàápàá, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, tó borí rẹ̀ ní Chelsea, Massachusetts, ní 1906, kò tún gbà kí wọ́n pàdé lẹ́yìn tó di ọ̀gá hẹ́fíwéètì ní 1908. Àwọn dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Langford wá ń bá jà léraléra: Joe Jeannette, Sam McVey, Harry Wills. Òun àti Wills nìkan pàdé ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ojú rẹ̀ fọ́ nígbẹ̀yìn. Ní 1944, nínú òṣì ni akọ̀ròyìn kan ti rí i ní Harlem, ní New York.

Ẹnì kan lè sọ pé Langford ti ń wúwo sí i. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fún un ju ọdún mẹ́ta lọ. Ní 1914, mo gbà pé kí Jack Dillon, ọmọ Indiana ní Amẹ́ríkà, gorí àga. Láti ibẹ̀, ìwé tèmi àti ìwé tí gbogbo ayé mọ̀ di ọ̀kan: Battling Levinsky ní 1916, Georges Carpentier ní 1920, àti ní 1922, ní Paris, Battling Siki ọmọ Senegal, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà pé ó jẹ oyè náà.