Àwòrán Tí Wọ́n Yà Fún Aláìsàn: Pẹpẹ Isenheim

Ẹ kú ìjókòó o. Mo rí i lójú àwọn ọmọdé iwájú yìí pé àwòrán tó wà lára ògiri ti bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò ó. Àwọn tí wọ́n yà á fún ń rí ohun tó burú jù báyìí lọ lára ara wọn.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: ohun èlò ọsibítù ni pẹpẹ Isenheim, bí bẹ́ẹ̀dì àti ọ̀bẹ ṣe jẹ́. Àwòrán orí pákó onílẹ̀kùn ni, tó ní ojú mẹ́ta; bí wọ́n bá ṣí ojú kan, òmíràn a yọ. Ẹni tó bá fẹ́ kà á bí ẹ̀kọ́ ìsìn nìkan, kó máa kà á lọ. Ìdajì rẹ̀ ló máa rí.

Isenheim wà ní Alsace, ní gúúsù ìlú Colmar, ní Faransé òde òní. Àwọn mọ́ńkì Antoni Mímọ́ nílé níbẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni títọ́jú àwọn tí “iná Antoni” ń jó. Inú búrẹ́dì ni àìsàn náà ti ń wá. Ọkà rye ni tálákà ń jẹ. Bí òtútù àti òjò bá pọ̀, olú dúdú kan tó ń jẹ́ ergot a hù lára ṣírí rẹ̀, a sì bá ọkà wọ inú ọlọ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a fún pọ̀. Ara a máa ta á bí iná, ìka ẹsẹ̀ a dúdú, a gbẹ, a já bọ́. Àwọn mìíràn a máa rí ohun tí ojú ẹlòmíì ò rí.

Guido Guersi, olórí ilé náà, ló gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán, láàárín 1512 sí 1516. Mathis ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, Mathis Gothart Nithart. “Grünewald” tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí, òǹkọ̀wé kan, Joachim von Sandrart, ló fi lé e lórí ní 1675, nígbà tí olórúkọ ti kú tipẹ́, tí kò lè jiyàn mọ́.

Ẹ wo Jésù lórí igi. Ara rẹ̀ ti ń ṣe bí ewé tó fẹ́ rà, egbò àti ẹ̀gún kún ara rẹ̀ bámúbámú, ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Àwọn kan ní òǹrorò ni ayàwòrán, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń dùn mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ti sùn ní wọ́ọ̀dù rí. Ìgbà tí awọ aláìsàn ń bó, Jésù aláwọ̀ dídán wo ni ẹ fẹ́ gbé síwájú rẹ̀?

Ẹ wo Jòhánù Onítẹ̀bọmi lápá ọ̀tún. Hẹ́rọ́dù ti bẹ́ orí ọkùnrin yìí kí wọ́n tó kan Jésù mọ́gi, síbẹ̀ ó dúró sán-ún, ó ń na ìka gígùn sí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ ní èdè Látìn: òun gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i, èmi gbọ́dọ̀ máa dínkù. Ẹ fi etí ẹni tí wọ́n fẹ́ gé lẹ́sẹ̀ gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ ti sọ pé bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn pẹpẹ náà, ojú ibi tí pákó ti pínyà mú apá Jésù kúrò lára rẹ̀, tí àwòrán ìsìnkú ìsàlẹ̀ náà sì pín níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi gbà wọ́n gbọ́. Àwọn tó ní ọ̀ràn káfíńtà lásán ni, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo fẹ́ bọ́ sí ojú kejì nígbà tí màmá kan na ọwọ́ láàárín èrò. Wọ́n ní: “Olùkọ́, agbẹ̀bí ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ergot tí ẹ dárúkọ yìí, ṣé ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ergometrine tí a ń gún fún ìyá ọlọ́mọ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ti wá?”

Ibẹ̀ gan-an ni, Ìyá. Ó ń fún ilé ọmọ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ a dá. Agbára ìfúnpọ̀ kan náà ló ń pa ẹsẹ̀.

Wọ́n tún ní: “Kí ni àwọn mọ́ńkì wá ń fi wò wọ́n? Àbí wọ́n kàn ní kí wọ́n máa wo àwòrán?”

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, mo sì pa ìwé mi dé, torí ìbéèrè yìí dára ju ohun tí mo kọ lọ. Oúnjẹ ni oògùn àkọ́kọ́: búrẹ́dì tó mọ́, tí ergot ò sí nínú rẹ̀. Wáìnì tún wà, tí wọ́n ti dà sórí egungun Antoni Mímọ́. Ìpara wà, tí wọ́n fi ewé àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pò. Ẹlẹ́dẹ̀ àwọn mọ́ńkì yìí a máa rìn káàkiri ìlú pẹ̀lú aago lọ́rùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí gbogbo ìyẹn ò bá ran aláìsàn lọ́wọ́, wọ́n a gé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti kú. Ẹ sì wo ìsàlẹ̀ àwòrán tí Antoni ti lọ kí Pọ́ọ̀lù, ẹni mímọ́ tó ń dá gbé inú aginjù: ewé ìwòsàn ló hù síbẹ̀, ayàwòrán fara balẹ̀ yà wọ́n.

Alága ti ń wo aago. Kíá: ojú kejì ni ìbí Jésù àti àjíǹde, níbi tí ara egbò yẹn ti ń tàn bí oòrùn. Ojú kẹta ni ère tí Niclaus Hagenauer gbẹ́, àti Antoni láàárín àwọn ẹ̀mí èṣù. Ẹ má fo ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ wú nígun ìsàlẹ̀ yẹn, àti bébà tó wà nílẹ̀ lódìkejì: “Níbo lo wà, Jésù rere? Kí ló dé tí o ò wá wo ọgbẹ́ mi sàn?” Ẹni tó ní ìwé ẹ̀kọ́ ìsìn lásán ni èyí, kó wá dá mi lóhùn.

Musíọ́ọ̀mù Unterlinden ní Colmar ló wà báyìí. Wọ́n ti tú u palẹ̀ kí àlejò lè rí gbogbo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Aláìsàn Isenheim ní láti dúró de ọjọ́ àjọ̀dún kí wọ́n tó ṣí i fún un.