Ẹ̀rọ Tí Ó Bá Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Mu

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí tí ẹ péjọ sí Abẹ́òkúta lónìí, mo kí yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá: aṣáájú ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ mú ìmọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè fi ìdí òwò rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè irú ẹ̀rọ tí ọwọ́ ẹni náà tó.

Ìlú yìí kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1859 tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tí a mọ̀ sí Ìwé Ìròyìn jáde níhìn-ín, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ẹ̀rọ ìgbàlódé ayé ìgbà náà, èdè tiwa ni ó sì fi sọ̀rọ̀. Ní àwọn ọdún 1940, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí Òjó, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, ni ó darí ìgbìmọ̀ tí ìjọba Alhaji Shehu Shagari gbé kalẹ̀ ní 1980 láti ṣètò yunifásítì tí àwọn ènìyàn yóò máa ti ilé wọn kàwé. Òfin rẹ̀ jáde ní oṣù Keje 1983, òun náà sì ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Ọdún kan kò pé tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fi dá yunifásítì náà dúró ní oṣù Kẹrin 1984. Ó dùn mí títí di òní, nítorí àwọn tí ọjọ́ orí wọn lọ láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún tí ilẹ̀kùn náà fi wà ní títì kò níye.

Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ó jí i dìde ní 2001, tí a wá mọ̀ ọ́n sí NOUN, ìyẹn National Open University of Nigeria. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbémiró Jẹ́gẹ́dẹ́, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ ní Hong Kong, ni a fi ṣe ọ̀gá àgbà. Íntánẹ́ẹ̀tì ti dé nígbà náà, síbẹ̀ ìwé títẹ̀ ni yunifásítì náà fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ó sì dá ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀. Àwọn kan lè pe èyí ní àṣà àtijọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ńlá ni mo kà á sí. Ẹ wo aláró kan ní Ìtòkú, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú aró láti òwúrọ̀. Ìgbà tí aṣọ bá ń gbẹ lórí okùn ni ó lè ṣí ìwé, bóyá iná wà tàbí kò sí, bóyá ó ra dátà tàbí kò rà á. Ní báyìí tí ìwé ẹ̀kọ́ wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó ní fóònù lè gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì máa kà á láìtún san kọ́bọ̀.

Olóyè Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni níbẹ̀ ní 2018, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyẹn fi hàn pé ọjọ́ orí kò dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣòro ààrẹ àná àti ti aláró kò dọ́gba.

Ohun mìíràn wà tí ẹ̀rọ kò lè tún ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní NOUN kò fi rí ọ̀nà wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kọjá kí ó tó di agbẹjọ́rò, nítorí òfin tí ó dá yunifásítì náà sílẹ̀ ka ẹ̀kọ́ wọn sí èyí tí a ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù Kejìlá 2018 ni Ààrẹ Buhari, ẹni tí ìjọba ológun rẹ̀ ti dá yunifásítì náà dúró ní 1984, fọwọ́ sí àtúnṣe òfin náà.

Nítorí náà, mo rọ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa ní Abẹ́òkúta kí wọ́n ya àkókò sọ́tọ̀ ní alẹ́, nígbà tí ọjà Ìtòkú àti Kútọ̀ bá ti tú, fún àwọn olùkọ́ láti máa ṣàlàyé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ní èdè Yorùbá, kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní yàrá kan tí iná oòrùn wà, níbi tí ènìyàn ti lè gba ìwé sínú fóònù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.