Bí A Ṣe Ń Ya Àwòrán Lọ́jọ́ Tí Kò Wù Wá Yà

Ẹ káàbọ̀ o. Iṣẹ́ ọwọ́ ni tòní, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnu. Kí fídíò yìí tó lọ jìnnà, ẹ wá bébà, ẹ wá pẹ́ńsù. Bébà lásán tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ti tó. Pẹ́ńsù 2B ló wà lọ́wọ́ mi. Èyí tí wọ́n bá kọ H sí lára máa ń le, ìlà rẹ̀ máa ń ṣá, ó sì máa ń ha bébà. Èyí tó bá jẹ́ B ló rọ̀, bí nọ́ńbà iwájú B yẹn bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni pẹ́ńsù á ṣe máa dúdú sí i. Bó bá jẹ́ HB, èyí tó wà láàárín H àti B, nìkan lẹ ní, ẹ mú un wá. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Àwọn tó ń ra pẹ́ńsù pọ̀ ju àwọn tó ń lò ó tán lọ.

Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú iṣẹ́ yìí máa ń bi mí jù ni pé, "Kí ni kí n ṣe tí àwòrán ò fi ní máa sú mi?" Lójú tèmi, àwòrán ò sú wọn rárá. Ohun tó ń ṣe wọ́n ni pé wọ́n jókòó ti bébà òfìfo, wọ́n sì fẹ́ pinnu ohun tí wọ́n máa yà, ibi tó máa dúró sí, bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti máa wá, àti àwọ̀ tí wọ́n máa lò, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ò ní rọ? Nítorí náà, ohun tí a máa ṣe lónìí ni pé a máa tú àwọn ìpinnu yẹn ká, a máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìpinnu tó wà níwájú yín bá ti kéré tó, ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ì báà wù yín, ì báà má wù yín.

Àwòrán tí a máa yà ni ti ọmọ kékeré kan tó ń so okùn bàtà rẹ̀. Ọmọ kan, bàtà méjì, ó tán.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọwọ́ yá. Ẹ ṣí fóònù yín, ẹ tẹ aago rẹ̀ sí 30 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ wá fọ́tò àwọn èèyàn tó tẹ̀ba, tó lóṣòó, tó fi orúnkún kan kúnlẹ̀. Láàárín 30 ìṣẹ́jú àáyá yẹn, mi ò fẹ́ rí ojú, mi ò fẹ́ rí ìka. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fẹ́, láti àtàrí gba eegun ẹ̀yìn dé ìbàdí, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ tó gbé ara dúró. Ẹ wo bí mo ṣe ń fà á: èjìká mi ló ń yí, kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Bí aago bá dún, ẹ ṣí lọ sí òmíràn, kódà bí èyí tí ẹ ń yà bá jọ kòkòrò. Lẹ́yìn mélòó kan, ẹ sún aago náà sí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá sún un sí méjì. Ẹ ò ní fi ìwọ̀nyí han ẹnikẹ́ni. Ẹ lè ya ọ̀kan lé orí èkejì, bébà ò ní bínú.

Ó yá, ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́ nìyí. Ẹ fa àpótí kéékèèké mẹ́fà sórí bébà, kí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ìka ọwọ́ méjì lọ. Kékeré ni o! Bó bá ti tóbi, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìpéǹpéjú.

Nínú àpótí kìíní, ẹ ya ohun tó bá kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn. Mo mọ̀ ọ́n kí ẹ tó yà á: ọmọ náà jókòó, a ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó na ọwọ́ sí bàtà. Kò burú. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí a bá fún níṣẹ́ yìí ló máa ya ìyẹn, ìdí sì nìyí tí a ò fi ní dúró lórí rẹ̀. Nínú àpótí kejì, ẹ gbé ojú yín sókè bíi pé inú àjà lẹ ti ń wò ó. Àtàrí ọmọ náà, èjìká rẹ̀ àti ọwọ́ méjèèjì nìkan la rí. Nínú ìkẹta, ẹ gbé ojú yín sílẹ̀ẹ́lẹ̀: bàtà á gba ìdajì àpótí, ojú ọmọ náà á sì wà lẹ́yìn orúnkún. Nínú ìkẹrin, ẹ fi ọwọ́ àti okùn nìkan sílẹ̀.

Ìkarùn-ún rèé. Mo fi ọmọ náà sí ìsàlẹ̀, ní igun kan. Mo wá fa ẹsẹ̀ àgbàlagbà méjì tó nà gbọọrọ yí i ká, a ò rí orí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ náà ti yí síta, bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ máa lọ. Ẹ rí i? Ọmọ náà ò tíì yí padà, okùn bàtà náà ló ṣì ń so, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń dúró dè é. Ọ̀rọ̀ ti wọ inú àwòrán. Ohun tí wọ́n ń san owó ayàwòrán fún gan-an nìyẹn. Ẹni tó lè ya bàtà kó jọ bàtà pọ̀ lóde. Ẹni tó máa ronú kan ẹsẹ̀ tó yí síta yẹn ni wọ́n ń wá. Ìkẹfà, mo fi sílẹ̀ fún yín, ẹ ya ohun tó bá wù yín síbẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè bóyá ó wù yín. Ọwọ́ yín ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìkarùn-ún ni mo mú. Ní báyìí, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Ẹ tún àpótí ìkarùn-ún yẹn yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n oríṣi mẹ́ta péré lẹ lè lò: funfun bébà, àwọ̀ eérú, àti dúdú. Mo fi eérú sí ara àwọn ẹsẹ̀ gígùn yẹn àti ilẹ̀. Mo fi aṣọ ọmọ náà sílẹ̀ ní funfun. Bàtà, mo fi dúdú kùn ún. Ibi tí funfun aṣọ àti dúdú bàtà ti pàdé, ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ojú ẹni tó ń wò ó máa kọ́kọ́ lọ, torí pé ojú èèyàn máa ń sáré lọ síbi tí ìyàtọ̀ bá ti pọ̀ jù. Ẹ dijú díẹ̀, ẹ fojú tín-ín-rín wò ó. Bí ohun gbogbo bá di eérú kan náà lójú yín, àwòrán náà ò tíì dúró, kò sì sí àwọ̀ tó máa gbà á là. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ àwọ̀ kí wọ́n tó yanjú èyí, bí ẹni tó ń ra ọ̀dà ilé nígbà tí kò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá ń fi fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì yàwòrán, ẹ sọ ọ́ di aláìláwọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di bíńtín lójú fóònù. Bó bá ṣì yé yín ní bíńtín, ẹ máa bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí bébà ńlá. Ẹ fọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ mú pẹ́ńsù. Àgbàlagbà tó dúró ṣánṣán máa ń tó orí rẹ̀ méje àti ààbọ̀ láti òkè délẹ̀. Ọmọ kékeré bí èyí kì í ju bí orí márùn-ún lọ. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi sí ara rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àgbàlagbà aràrá lẹ ó yà. Ti ojú ńkọ́? Agbede méjì orí ni ojú àgbàlagbà wà. Tọmọdé máa ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, iwájú orí á sì gba àyè tó pọ̀. Ọmọ náà lóṣòó, nítorí náà orúnkún rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ẹ wá fa ìlà tó gùn láti àárín ara rẹ̀ wá sílẹ̀. Bí ìlà náà ò bá bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ yẹn á ṣubú lójú ẹni tó ń wò ó, ẹni náà lè má mọ ohun tó ń ṣe òun tí àwòrán náà ò fi tẹ́ òun lọ́rùn.

Ọwọ́ wá ńkọ́? Ẹ má ya ìka mẹ́wàá. Bí ìbọ̀wọ́ tí kò ní ìka ni kí ẹ kọ́kọ́ yà á, àkójọpọ̀ kan pẹ̀lú àtàǹpàkò tó yà sọ́tọ̀. Ẹ wo ọwọ́ tèmi nísinsìnyí, mo ń so okùn. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ló di ojóbó okùn mú. Ẹran orí àtàǹpàkò tẹ̀ wọlé díẹ̀, èékánná rẹ̀ kọjú sókè. Ìka mẹ́ta tó kù ti ká jọ, a lè fi ìlà méjì péré yà wọ́n. Ojóbó yẹn ní inú àti ẹ̀yìn: ibi tó ti yí padà, òkùnkùn díẹ̀ á wà nínú rẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ọwọ́ ara yín nígbà tí ẹ bá ń so okùn, kí ẹ sì máa wò ó.

Wíwo fọ́tò kì í ṣe ojóró o. Mo gbọ́ ọ tí wọ́n ń sọ ọ́, ó sì máa ń bí mi nínú. Vincent van Gogh, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Netherlands tí òkìkí rẹ̀ kàn, ti pé ọmọ ọdún 27 ní 1880 kó tó pinnu pé iṣẹ́ àwòrán lòun máa ṣe. Àwòrán ìdánrawò inú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ló jókòó tì, ó ń dà wọ́n yà. Títí di ìgbà tó kù díẹ̀ kó kú ní 1890, ó ṣì ń wo àwòrán Millet, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, yà. Ẹ̀dà tí kò ní àwọ̀ ló ń wò, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá àwọ̀ tó máa fi sí i. Ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó dáa nìyẹn: ẹ da ti ẹlòmíràn yà, ṣùgbọ́n ẹ mú ohun kan kúrò nínú rẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín máa pèsè. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i lábẹ́, ẹ má tà á.

Kí ẹ tó fi tàdáwà kàn án, ẹ yí bébà náà padà, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sójú fèrèsé, tàbí kí ẹ wò ó nínú dígí. Gbogbo ohun tó wọ́ ló máa fara hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Tèmi rèé, èjìká kan ga ju èkejì lọ. Ó yá, mo pa á rẹ́. Tàdáwà ò gba àlàyé púpọ̀: ìlà ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà kí ó tín-ín-rín, ìlà abẹ́ bàtà àti abẹ́ ìdí kí ó nípọn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi írésà kan pẹ́ńsù. Fún ẹ̀yin tó ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì, tó bá jẹ́ pé wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A4, 2480 sí 3508 píkísẹ́ẹ̀lì (àwọn àmì tíńtín tó para pọ̀ di àwòrán) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni yóò fún yín ní 300 píkísẹ́ẹ̀lì nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi kékeré bẹ̀rẹ̀, fífẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà kì í bímọ re.

Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀síwájú kù. Ẹ mú àìlera kan ṣoṣo, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dojú kọ ọ́. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni kò gbọ́ tiyín, ẹ fi ọwọ́ sínú gbogbo àwòrán, ẹ má máa fi í pa mọ́ sínú àpò ṣòkòtò àwọn èèyàn inú àwòrán yín. Gbogbo wa la mọ ọgbọ́n yẹn. Ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn gbogbo bébà, ẹ má sọ àtijọ́ nù. Bí ẹ bá fẹ́ fi ara yín wé ẹnì kan, ẹ fi wé ẹ̀yin ti ọdún tó kọjá, torí pé àwọn tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbé èyí tí wọ́n fà ya síta. Hokusai, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Japan tó ya ìgbì òkun tí gbogbo ayé mọ̀, 1760 ni wọ́n bí i, nǹkan bí 1831 ló sì ya ìgbì yẹn. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ ti pẹ́ jù, ẹ ní kó wá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú yín.

Ẹ má sì da àárẹ̀ pọ̀ mọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì. Bí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn yín, bí ojú bá ń ta yín, àwòrán kéékèèké mẹ́fà kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ẹ lọ sùn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ló ń gbọ́ ti àpótí kéékèèké. Àárẹ̀, oorun ló ń gbọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ oníbàárà: bó bá ti kún ọwọ́ yín fún ìgbà pípẹ́, ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún àwòrán tí ẹnikẹ́ni ò rán yín, bó ti wù kó rí.

Ó ku ohun kan kí ẹ tó dìde. Ẹ rí àwòrán tèmi yìí, mi ò parí rẹ̀. Bàtà kejì ò tíì ní òjìji, ẹsẹ̀ àgbàlagbà tó wà lápá òsì ò tíì ní ìlà tàdáwà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró síbi tí mo ti mọ ohun tó kàn ni. Mo wá kọ ọ́ sétí bébà: "Òjìji bàtà kejì. Ẹsẹ̀ òsì." Ẹ̀yin náà, ẹ kọ tiyín. Bí ẹ bá jókòó lọ́la, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrònú, òjìji bàtà lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Nínú fídíò tó ń bọ̀, a máa fi àwọ̀ sí i, ẹ má sọ bébà àpótí mẹ́fà yẹn nù o, a máa padà sí ìkẹta.