Ta Ni Yóò Sùn Síbẹ̀?

Gbọ̀ngàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, níwájú àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi àti àwọn ará ìlú. Ọmọ mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má yọ àwàdà kankan kúrò.

Ẹ kú ìjókòó o, ọmọ Ajílété. Láti 1907 tí Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ìjọ Onítẹ̀bọmi níbí ni aláìsàn ti ń ti òkèèrè wá bá wa. Ilé ìwòsàn yẹn ló di ti Yunifásítì Bowen ní 2009. A tún ní ti Yunifásítì LAUTECH. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà, méjì nínú ìlú kan! Ó dára. Ẹ wá gbé aboyún tó ń rọbí sórí ọ̀kadà ní abúlé kan ní Oríire tàbí Ògo Olúwa ní aago méjì òru, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá méjì yẹn súnmọ́ ọn.

Dókítà Julian Tudor Hart kọ ọ́ ní 1971 pé ibi tí wọ́n ti nílò ìtọ́jú jù ni ìtọ́jú gidi ti máa ń ṣọ̀wọ́n jù, pàápàá níbi tí ọjà bá ti ń darí rẹ̀. Ní abúlé àwọn awakùsà ní Wales lòun ti ń ṣe dókítà. (Àwọn ọ̀gá wa kan ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.)

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ èyí lẹ́nu mi rí, ẹ fara dà á. Lẹ́tà tíránsífà kì í gbé nọ́ọ̀sì dé abúlé. Orúkọ rẹ̀ ló máa ń gbé débẹ̀. Orúkọ á wà lára ògiri, ẹni tó ni ín á wà nígboro. Wọ́n á kọ́ ilé ìwòsàn, wọ́n á kùn ún, wọ́n á gé rìbọ́ọ̀nù, wọn ò ní kọ́ yàrá tí nọ́ọ̀sì máa sùn. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Iléèwé ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Omi ńkọ́? Àwọn tó ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́, mo máa ń bi wọ́n pé: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ̀yin fúnra yín ti sùn síbẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ọmọ abúlé ni ká kọ́, kó padà sílé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2010, wọ́n tún un sọ ní 2021. Thailand náà ti ń ṣe é. Ti Ìgbò-Ọrà tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ láti 1963, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Alága ti ń wo aago. Owó: òfin ìlera ti 2014 ní kí wọ́n yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. Oògùn: oxytocin tí à ń gún fún ìyá kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya lẹ́yìn ìbímọ, inú firíìjì ló ń gbé, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Níbi tí kò síná, omi lásán lẹ gún. Ó tó.

Obìnrin kan dìde lẹ́yìn. Agbẹ̀bí ni.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọmọ abúlé tí ẹ ń wí yẹn ni mí. Abúlé bàbá mi gan-an ni wọ́n gbé mi lọ. Oṣù mẹ́jọ ni mo lò, mo sá."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Owó ara mi ni mo fi ra oògùn. Mo ní kí wọ́n san án padà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ṣé lọ́wọ́ òun tó pọ̀n mí dàgbà ni mo ti ń gbowó. Mo gbẹ̀bí mọ́jú, ilẹ̀ mọ́ tán, wọ́n ní ìnáwó ń bẹ nílé, ọmọ-osú gbọ́dọ̀ wà nídìí ìkòkò. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi, àlejò ni. Wọ́n ń sanwó fún un."

Ọdún mélòó ni mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo wá ní, "Ọmọ mi, ká ní abúlé kejì ni wọ́n gbé ọ lọ ńkọ́? Níbi tí o ti mọ ìṣe wọn, ṣùgbọ́n tí o kì í ṣọmọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀?"

Ó rò ó.

"Ṣé yàrá wà níbẹ̀, Mà?"